Mo ti pé ọmọ ọdún 41, ṣé kò tíì pẹ́ jù báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 41 ni mí, iṣẹ́ ara mi ni mò ń ṣe, kò sí pẹ́ńṣàn kankan tó ń dúró dè mí níwájú, ìwọ̀nba owó tí mo tọ́jú, báńkì ni gbogbo ẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ fún mi pé kí n tó lè fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 60, àfi kí n ní ìlọ́po 25 iye tí mò ń ná lọ́dún. Mo bá ṣírò ẹ̀, mi ò lè sùn mọ́jú ọjọ́ yẹn. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ibo sì ni kí n kó owó yìí sí, torí ẹ̀rù ṣíà, ìyẹn ìpín ilé iṣẹ́ téèyàn ń rà, ń bà mí gan-an.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. William Bengen ló ni ìṣirò yẹn, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí owó, ọdún 1994 ló gbé e jáde. Ó kó àkọsílẹ̀ ọjà ṣíà àti bọ́ǹdì (owó téèyàn yá ìjọba tàbí ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń san èlé lórí ẹ̀) ilẹ̀ wọn láti 1926 jọ, ó ń wò ó pé ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lọ́dún báyìí, èló ló lè máa yọ tówó náà ò fi ní tán kí 30 ọdún tó pé. Ohun tó rí ni pé tónítọ̀hún bá yọ 4% lọ́dún àkọ́kọ́, tó wá ń fi iye tí ọjà fi wọ́n sí i kún un lọ́dọọdún, owó náà gbé e dé 30 ọdún, títí kan àwọn tó fẹ̀yìn tì nígbà tí nǹkan burú. 4% yẹn ló bí ìlọ́po 25, torí ìdá kan nínú 25 ni 4%. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló wò o. Ní Jàpáànù, ibi tí Nikkei, òṣùwọ̀n iye ṣíà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọn, dé ní ìparí 1989, ọdún 2024 ló tó padà débẹ̀. Torí náà, bí òṣùwọ̀n ni kó o mú 25, má mú un bí ìlérí.

Ó yá, jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ká ní 1,000 lò ń ná lóṣù, owó yòówù kó jẹ́. 12,000 lọ́dún nìyẹn, ìlọ́po 25 ẹ̀ jẹ́ 300,000. Ọdún 19 ló kù kó o pé 60. Tówó ẹ bá ń mú 5% wọlé lọ́dún lẹ́yìn tá a ti yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò (àpẹẹrẹ ni o, mi ò ṣèlérí), àfi kó o máa fi bíi 790 pamọ́ lóṣooṣù. Ká ní o ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó o wà ní 31 ni, bíi 385 ni ì bá jẹ́. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́, àmọ́ ìyẹn ti lọ. Wá wo èyí: tó o bá lè gé 200 kúrò nínú 1,000 yẹn, kì í ṣe pé o kàn rí 200 fi pamọ́ o, ibi tó ò ń lọ gan-an ló sún mọ́ ẹ, torí ẹni tó ń ná 800 lóṣù, 240,000 ló tó o, iye tí wàá máa fi pamọ́ á wálẹ̀ sí bíi 630, tó o bá sì gbà láti ṣiṣẹ́ dé 65, ó di bíi 430. Èmi ò tíì rí ìdókòwò kankan tó lè ṣe irú ẹ̀ féèyàn. Ọ̀pọ̀ wa ni ò tiẹ̀ mọ iye tá à ń ná, a kàn ń méfò ni. Mo kọ tèmi sílẹ̀ foṣù mẹ́ta nígbà kan, ojú tì mí.

Ní ti báńkì, èyí tó máa gbé ẹ foṣù mẹ́fà tí iṣẹ́ bá dúró tàbí àìsàn dé, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó kù ńkọ́? Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó. Tọ́jà bá ń fi 3% péré wọ́n sí i lọ́dún, tówó ẹ ò sì mú èlé wá, láàárín ọdún 24 ohun tó lè rà á ti dín sí ìdajì.

Ṣíà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó máa bà ẹ́ lẹ́rù. Wá index fund tó gbòòrò, èyí tó ń ra díẹ̀díẹ̀ lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹ pé òun mọ èyí tó máa lọ sókè. John Bogle àti Vanguard, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú ẹ̀ kalẹ̀ fáwọn èèyàn bíi tiwa lọ́dún 1976, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Béèrè owó iṣẹ́ wọn dáadáa o, 1% yẹn ò kéré: ẹni tó ń fi 100 pamọ́ lóṣù fún 30 ọdún, tó ń jèrè 7%, á ní bíi 122,000, tí wọ́n bá ń yọ 1% níbẹ̀ lọ́dọọdún, bíi 100,000 ló máa bá.

Ọjà á sì já, jẹ́ kí n tètè sọ fún ẹ. Láti oṣù Kẹwàá 2007 sí oṣù Kẹta 2009, S&P 500, òṣùwọ̀n iye ṣíà bíi 500 ilé iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà, pàdánù ju ìdajì lọ. Mo wà níbẹ̀. Oṣù Kejì 2009 ni mo ta gbogbo tèmi, ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó yọ nínú ewu, oṣù kan lẹ́yìn náà ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo ní ó ṣì máa já kí n tó padà wọlé, mo dúró, mo dúró, títí tó fi kọjá ibi tí mo ti tà á jìnnà réré.

Ẹni tó ṣì ń fowó sí i, ọjà tó já, ẹ̀dínwó ló jẹ́ fún un. Ìgbà tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ gan-an ló léwu: 300,000 tọ́jà gé sí ìdajì lọ́dún àkọ́kọ́, 12,000 tó ò ń yọ ti di 8% ohun tó kù. Torí ẹ̀, tó bá ku bí ọdún márùn-ún sí i, bẹ̀rẹ̀ sí í kó apá kan sí bọ́ǹdì, kó o má bàa ta ṣíà nígbà tọ́jà já torí àtijẹun.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ó ti pé ọdún méjì tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan ní kí n kó owó ìfẹ̀yìntì mi wá, òun á máa san èlé 10% lóṣooṣù, ó sì ti san tàwọn kan lójú mi. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Mama, ẹ má fún un o. Èyí tó san lójú yín yẹn, owó àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn ló fi san án, ohun tí Charles Ponzi ṣe lọ́dún 1920 náà nìyẹn. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká gbà pé òótọ́ ló ń sọ: 100 tó ń mú 10% wá lóṣù, téèyàn ò fọwọ́ kàn án, á lé ní 300 lọ́dún kan, á lé ní 30,000 lọ́dún márùn-ún. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń rí irú ẹ̀, kí ló wá fẹ́ fowó yín ṣe?