Báwo ni ìgbẹ́ àti ìyẹ́ ṣe ń di òkúta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi ka ìwé kan tó ní wọ́n rí awọ, ìyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹranko ayé àtijọ́ nínú òkúta. Ti eegun yé mi, ó le. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹrà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, báwo ló ṣe di òkúta? Bí èmi náà bá rí irú rẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ìjẹrà gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹranko tó ti kú láyé yìí ló jẹrà tán láìku nǹkan kan. Èyí tó bá máa yè, ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè bò ó, níbi tí ọ́síjìn ò ti pọ̀, tí akàn àti ẹja ò sì ti lè tú u jẹ.

Ìyẹn nìkan ò tó o. Ó kàn ń fa ìjẹrà sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé àwọn bakitéríà tó ń jẹ òkú náà wà lára àwọn tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yí omi tó yí i ká padà, títí fọ́sífétì àti kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú eegun le, á fi dì mọ́ iṣan ẹran náà, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò: wọ́n fi òkú edé sínú ìgò omi òkun, wọ́n dé e pa. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, apá kan iṣan rẹ̀ ti ń di òkúta, ìyókù ń rùn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí mílíọ̀nù ọdún tí à ń kà dẹ́rù bà yín. Eegun lè fara balẹ̀. Iṣan tí kò bá tètè ríbi sá sí, ó ti lọ nìyẹn.

Fọ́sífétì nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Ní ìpínlẹ̀ New York, irin àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di ohun tó ń dán bíi wúrà lára ẹsẹ̀ àti ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ tráílóbáìtì, ẹranko òkun ayé àtijọ́ kan tó ní èèpo líle lára. Ní Burgess Shale, ibi àpáta kan ní Kánádà tí onímọ̀ òkúta Charles Walcott bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní 1909, ara àwọn ẹranko inú òkun ti nǹkan bíi mílíọ̀nù 508 ọdún sẹ́yìn ti di àwọ̀ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú òkúta. Ìyẹ́ tiẹ̀ tún ń gbé àwọ̀ rẹ̀ pamọ́: ní 2010, àwọn onímọ̀ rí ìdì àwọ̀ bíńtín-bíńtín nínú ìyẹ́ dáínósọ̀ kékeré kan láti Ṣáínà, Sinosauropteryx, wọ́n sì sọ pé ó pupa rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ sì ní ilà funfun.

Ní ti ìgbẹ́, ti ẹran tó ń jẹ ẹran ló sábà máa ń di òkúta ju ti ajẹwéko lọ, torí eegun tó jẹ ti kó fọ́sífétì sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi awò wò ó, ẹ lè rí ìpẹ́ ẹja tàbí èérún eegun nínú rẹ̀. Ipasẹ̀ kò nílò òkú rárá: ní Laetoli ní Tanzania, eérú òkè ayọnáyèéfín tí òjò rin ló gba ẹsẹ̀ àwọn tó kọjá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 ọdún sẹ́yìn.

Bí ẹ bá wá rí ọ̀kan, ẹ má fi òòlù kàn án, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ gbé bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ sì kọ ibẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Bó bá ti là sí méjì, apá méjèèjì ló wúlò. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ìjọba ló ni ín, torí náà ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò náà han àwọn onímọ̀ òkúta ní yunifásítì kí ẹ tó gbé e.

Bó bá jẹ́ ohun dúdú tó ya ẹ̀ka bí ewé lójú ibi tí òkúta ti sán, ẹ fura. Ó sábà máa ń jẹ́ máńganíìsì, èròjà inú ilẹ̀ kan, tí omi gbé wọlé; kì í ṣe ewé. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo sáré gbé irú rẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi pé mo rí ewé. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi.