Èsì: Ìdí tí ojú-ìwé man fi yàtọ̀ lẹ́yìn tí ẹ kúrò lórí Asciidoctor

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní látìgbà tí ẹ ti kúrò lórí Asciidoctor bọ́ sí pandoc (ètò méjèèjì ló ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ di ojú-ìwé man, ìyẹn ìwé ìlò tí àṣẹ `man` ń fi hàn), àwọn àkọlé ń wọnú, àṣẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín l'Ádó-Èkìtì sì ń dà kọ láti inú ìwé ìlò náà kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ti àkọlé ò le. `==` ti Asciidoctor ló ń di `.SH` (àmì àkọlé ńlá nínú fáìlì man), ṣùgbọ́n `#` kan ṣoṣo ni pandoc ń sọ di `.SH`. `##` á di `.SS` (àkọlé kékeré), tó máa ń fi àlàfo 3 wọnú. Ẹ fi `--shift-heading-level-by=-1` kún àṣẹ yín, pẹ̀lú `-s`, torí láìsí `-s`, `.TH` (ìlà tó ń sọ orúkọ ojú-ìwé náà) ò ní sí lókè fáìlì.

Ti àṣẹ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, dáàṣì gan-an ni kí ẹ mójú tó. Ẹ ṣí fáìlì `.1` (fáìlì man tí pandoc ṣe) náà: `\-\-help` ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ `--help` lásán, groff (ètò tó ń to ojú-ìwé man sójú) lè sọ ọ́ di háífìn U+2010, tó jọ dáàṣì lójú ṣùgbọ́n tí ètò ò kà sí dáàṣì rárá. Ẹni tó bá fi `/--help` wá a nínú man náà ò ní rí i. Debian (irú Linux kan) máa ń tún èyí ṣe fúnra rẹ̀, nítorí náà ó lè dára lórí ẹ̀rọ yín kó má dára lórí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín.

Ẹ má fi fáìlì `.1` méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, wéra o, dandan ni kí wọ́n yàtọ̀. Ohun tó hàn sójú ni kí ẹ yẹ̀ wò:

`MANWIDTH=80 man -l ./tuntun.1 > tuntun.txt`

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti àtijọ́, kí ẹ wá lo `diff -u` láti rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹ wo abẹ́ NAME dáadáa: orúkọ, `\-`, àlàyé, lórí ìlà kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ `apropos` (àṣẹ tó ń wá ojú-ìwé man) ò ní rí i.