Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Jẹ́lì Igun Tí Kò Fẹ́ Tán Nínú Candy Crush

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Candy Crush Saga, eré orí fóònù tí a ti ń to súìtì mẹ́ta aláwọ̀ kan náà pọ̀ kí wọ́n lè parẹ́, ni mo sì fi ń najú ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti há sí ìpele kan. Jẹ́lì, ìyẹn ohun tó tẹ́ sábẹ́ àwọn súìtì, tó ń parẹ́ bí a bá to súìtì tó wà lórí rẹ̀, ni wọ́n ní kí n pa rẹ́, ìgbésẹ̀ 22 ni wọ́n fún mi, ṣokoléètì sì ń ràn káàkiri. Jẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n yege. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kúkú fowó ra ìgbésẹ̀ márùn-ún tí wọ́n máa ń fi lọ̀ mí nígbà tí eré bá parí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, Mà. Iṣẹ́ mi ni láti máa dán géèmù orí fóònù wò kí ó tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò máa gbá a, ìṣòro tí ẹ sọ yìí sì wà lára èyí tí mo máa ń bá pàdé jù lọ. Kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀ ọ́n gbá. Ní ọdún 2014, Toby Walsh, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Ọsirélíà, kọ ìwé ìwádìí tó fi hàn pé eré yìí wà lára àwọn ìṣòro tí kọ̀ǹpútà pàápàá kò ní ọ̀nà kíákíá tí a mọ̀ láti fi yanjú wọn. Ohun tí mo rí nínú àlàyé yín ni pé ẹ ń fi igun sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé òun ló yẹ kó síwájú.

Ẹ jẹ́ ká kà á papọ̀. Ojúlé, ìyẹn àyè kan tí súìtì kan ń jókòó sí, tó bá wà láàárín gbùngbùn lè bọ́ sínú ìlà súìtì mẹ́ta ní ọ̀nà mẹ́fà, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Èyí tó wà létí, tó sì jìnnà díẹ̀ sí igun, ní ọ̀nà mẹ́rin. Igun ní méjì péré. Bí ẹ bá wá ń to ohunkóhun tí ojú yín bá ṣáà ti rí, àárín yóò ti mọ́ tónítóní nígbà tí igun kò tíì rí ẹni fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí àǹfààní igun, ẹ mú un lójú ẹsẹ̀, kódà bí ohun tó dùn-ún wò bá wà níbòmíràn. Bí jẹ́lì ibẹ̀ bá sì nípọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa kàn án kó tó tán.

Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣáájú igun ni ṣokoléètì, òfin tirẹ̀ kò sì le. Bí ìgbésẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ kò pa ẹyọ kan nínú rẹ̀, yóò jẹ ojúlé kan sí i. Bí ẹ bá pa ẹyọ kan, kò ní ràn nínú ìgbésẹ̀ yẹn. Ẹ to súìtì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò parẹ́. Jẹ́lì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ṣeé fọwọ́ kàn àfi tí ṣokoléètì fúnra rẹ̀ bá kúrò. Bí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ tán, tí kò sí ẹ̀rọ tó ń pọn ọ́n jáde lójú eré, kò ní padà wá mọ́. Ní tèmi, n ò ní kábàámọ̀ bí mo bá ná ìgbésẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lé e lórí.

Nísinsìnyí, ohun tó ń já igun gan-an ni súìtì onílà, èyí tó ń jáde nígbà tí ẹ bá to mẹ́rin pọ̀. Ibi tí ìka yín bá fà á sí ni ilà ara rẹ̀ yóò tọ̀. Bí ẹ bá fà á sí ẹ̀gbẹ́, ilà náà yóò dùbúlẹ̀, ìbú ni yóò sì gbá lọ. Bí ẹ bá fà á sókè tàbí sísàlẹ̀, ilà náà yóò dúró, òró ni yóò gbá. Ká sọ pé ní òró kẹta láti ọwọ́ òsì, pupa wà ní ojúlé ìsàlẹ̀ pátápátá, pupa tún wà ní ojúlé kẹta àti ìkẹrin láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé ló jókòó sí ojúlé kejì, pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fa pupa yẹn wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Mẹ́rin ti pé, ilà rẹ̀ ti dùbúlẹ̀, àti pé, nítorí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti lọ, súìtì onílà náà yóò já bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi pupa méjì kún un níbẹ̀, yóò gbá láti igun dé igun, àfi bí ohun ìdènà bá wà lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá to márùn-ún ní ìrísí L tàbí T, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé ni ẹ óò rí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú onílà, yóò gbá ìbú mẹ́ta àti òró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ ti ń lò ó: bí ó bá jẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, ìbú kan yóò bọ́ sóde lásán, ìlà kejì láti ìsàlẹ̀ ló dára jù, nítorí kò sí èyí tó ṣòfò.

Ìpele jẹ́lì tí wọ́n ka ìgbésẹ̀ fún yìí kò ní aago. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá dúró díẹ̀, géèmù náà yóò máa mi súìtì kan fún yín. Èyí tó ṣeé tò ni ó ń fi hàn yín, kò sọ pé òun ló dára jù, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ yí ètò yín padà. Bí ẹ̀mí márààrún, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ lè kùnà kí eré tó dá yín dúró, bá tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń padà ní ìṣẹ́jú 30, ẹ lọ sinmi.

Ní ti owó, Mà, n ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ rà á, àfi bí ẹ bá lè fi ìka tọ́ka sí ìgbésẹ̀ tí yóò pa jẹ́lì tó kù, lójú ọpọ́n bí ó ṣe wà níwájú yín ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, tí ṣokoléètì sì ṣì ń ràn, ìgbésẹ̀ márùn-ún kò lè tó, wọn yóò sì tún fi márùn-ún mìíràn lọ̀ yín.