Ẹ Bi Wá: Kí Ló Wà Lórí Àpáta Yẹn Gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ará Kòríà ni ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan ra máàpù ayé wá sí ọ́fíìsì, wọ́n kọ orúkọ Jàpáànì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kékeré kan láàárín òkun, bí bàbá yẹn ṣe rí i báyìí ojú ẹ̀ yí padà, ó ní kí wọ́n já a kúrò lára ògiri kíákíá. Ọkọ mi ní òun ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé torí àpáta lásán ni, àbí nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Àpáta ni lóòótọ́. Méjì ló tóbi díẹ̀, àwọn wẹ́wẹ́ yí wọn ká, kẹ́ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò tó 20 hẹ́kítà. Dokdo làwọn ará Kòríà ń pè é, Takeshima làwọn ará Jàpáànì ń pè é, àwọn òyìnbó ní Liancourt, ìyẹn orúkọ ọkọ̀ àwọn Faransé kan tó ń pa àbùùbùtán kiri tó kọjá níbẹ̀ lọ́dún 1849. Láti Ulleungdo, erékùṣù Kòríà tó sún mọ́ ọn jù, ó tó kìlómítà 87, láti erékùṣù Oki ti Jàpáànì ó tó 158. Kò sóko tẹ́ẹ lè dá níbẹ̀. Ọlọ́pàá Kòríà bíi 40 ló ń ṣọ́ ọ, ọkọ̀ ojú omi sì máa ń kó àwọn tó fẹ́ wò ó lọ, àmọ́ tí òkun bá ti ń ru, wọn ò ní lè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kàn yí i po, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sílé.

Ọdún tí Jàpáànì mú un ni kẹ́ẹ wò, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 1904 Jàpáànì ń bá Rọ́ṣíà jagun, Kòríà àti Manchuria, apá kan ilẹ̀ Ṣáínà, sì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ jà. Ọkùnrin ará Jàpáànì kan wà nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní Nakai Yozaburo, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa pa ẹran òkun kan tó máa ń gun orí àpáta yẹn, awọ ẹ̀ àti ọ̀rá ẹ̀ ń mówó wọlé gan-an. (Wọ́n pa ẹran náà títí, kò sí mọ́ láyé báyìí, kò sẹ́ni tó ń jà fún ìyẹn.) Nakai kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n sọ àpáta yẹn di ti Jàpáànì kí wọ́n wá yá òun lò. Lóṣù January 1905 àwọn mínísítà fọwọ́ sí i, nígbà tó di February 22 ìpínlẹ̀ Shimane lẹ ìwé síta pé tiwọn ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Kòríà. Àwọn sójà orí omi náà sì nílò ibẹ̀, torí ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà ń bọ̀, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ sórí ẹ̀.

Wàyí o, November 1905 yẹn kan náà ni Jàpáànì fi túláàsì mú ìjọba Kòríà tọwọ́ bọ̀wé pé Jàpáànì ni yóò máa bá wọn bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀. Ó di March 1906 kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Shimane tó dé Ulleungdo, wọ́n bá olórí àdúgbò ibẹ̀, Shim Heung-taek, wọ́n jókòó, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá sọ fún un pé àpáta yẹn ti di tàwọn. Ọkùnrin yìí kọ̀wé sókè kíákíá pé Dokdo tó wà lábẹ́ àkóso àwọn ti bọ́. Ta ni wọ́n fẹ́ fẹjọ́ sùn? Ọ́fíìsì tó yẹ kó bá Jàpáànì sọ ọ́, Jàpáànì ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di 1910 wọ́n gbé Kòríà mì tán pátápátá, ó sì di ọdún 1945 kí wọ́n tó bọ́. Láàárín ìgbà yẹn wọ́n lé èdè wọn kúrò nílé ìwé, wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ Jàpáànì, wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ síbi ìwakùsà àti ilé iṣẹ́, wọ́n kó àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdébìnrin lọ sí àgọ́ sójà, ohun tí wọ́n fojú wọn rí níbẹ̀ ẹ má jẹ́ kí n máa tò ó.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lójú Jàpáànì, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ àpáta, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ ìmúnisìn, ìwé òfin la fi ń yanjú ti àpáta. Lójú Kòríà, ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bù jẹ lára wọn nìyẹn, tẹ́nì kan bá wá ń sọ pé tòun ni títí dòní, àfi bí ẹni pé kò tíì gbà pé nǹkan tóun ṣe burú. Ààrẹ Kòríà nígbà yẹn, Roh Moo-hyun, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí tẹlifíṣọ̀n lóṣù April 2006. Lójú tèmi, ibi tọ́ràn ti dojú rú nìyẹn, ẹni tó ń wo 1905 bí ọdún kan ṣáá àtẹni tó ń wò ó bí ọdún tí wọ́n wọlé bá a, wọn ò lè jọ ka ìwé kan náà.

Àwọn tó sì yẹ kó yanjú ẹ̀ lẹ́yìn ogun dá kún un. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn àlàáfíà pẹ̀lú Jàpáànì ní San Francisco lọ́dún 1951, wọn ò pe Kòríà kankan wá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Kòríà ni wọ́n ń pín. Ìwé náà dárúkọ erékùṣù mẹ́ta tí Jàpáànì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, Ulleungdo wà níbẹ̀, àpáta yìí ò sí. Kòríà ti bẹ Amẹ́ríkà kí wọ́n kọ ọ́ sí i, August 1951 ni Dean Rusk, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, fèsì pé rárá, pé lójú tàwọn kò jẹ́ ti Kòríà rí. Ààrẹ Kòríà, Syngman Rhee, ò dúró gbẹjọ́, January 1952, kí àdéhùn yẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó fa ìlà sórí òkun, ó kó àpáta sínú ẹ̀, ọkọ̀ apẹja Jàpáànì tó bá kọjá ìlà wọ́n á mú un. Títí di 1965, Jàpáànì ka ọkọ̀ tó lé ní 300 àti apẹja tó sún mọ́ 4,000 tí wọ́n mú, àwọn kan sì kú sí i. Ẹ ò rí i pé àwọn apẹja Shimane náà ní tiwọn nínú, ìyẹn kì í ṣohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ní Seoul.

Lọ́dún 1965 wọ́n bára wọn rẹ́, Jàpáànì san 300 mílíọ̀nù dọ́là ọ̀fẹ́, ó yá wọn ní 200 mílíọ̀nù, wọ́n ní gbogbo gbèsè ti tán. Àpáta ńkọ́? Wọ́n fò ó. Àwọn tí ìyà jẹ gan-an ńkọ́? Owó ọ̀hún, ojú ọ̀nà àti ilé iṣẹ́ irin ni púpọ̀ nínú ẹ̀ bá lọ. Nígbà tí màmá kan tó ń jẹ́ Kim Hak-sun wá jáde lọ́dún 1991 tó sọ ohun tí àwọn sójà fojú òun rí, ọgbẹ́ ṣí padà. Ọdún 2018 ni kóòtù tó ga jù ní Kòríà pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ irin Jàpáànì kan sanwó fáwọn òṣìṣẹ́ ìgbà ogun, lọ́dún tó tẹ̀ lé e Jàpáànì mú kó ṣòro fún wọn láti ra kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan inú fóònù, làwọn ará Kòríà náà bá ní àwọn ò ra bíà Jàpáànì mọ́ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kún un, àwọn olóṣèlú Kòríà náà mọ àǹfààní àpáta yìí o. Ààrẹ Lee Myung-bak lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀ ní August 10, 2012, àwọn aráàlú ò fẹ́ràn ẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Kòríà na Jàpáànì 2-0 nínú bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì ní Cardiff, ọmọ kan nínú wọn, Park Jong-woo, gbé páálí sókè pé Dokdo tiwa ni, wọ́n wá dá mẹ́dàlì ẹ̀ dúró títí di ọdún kejì.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọn ò lọ sí kóòtù àgbáyé? Ṣebí àwa náà lọ torí Bakassi.
Òǹkàwé kan, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, a lọ, a sì jẹ̀bi lóṣù October 2002, nígbà tó di August 2008 a kó ẹrù fún Kamẹrúùnù. Ìwé 1913 táwọn gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jọ kọ ni wọ́n fi dá wa lẹ́bi, wọn ò bi àwọn apẹja tó ń gbébẹ̀ léèrè. Ohun tí Kòríà ń sá fún nìyẹn. Jàpáànì ti ní kí wọ́n jọ lọ ní 1954, ó tún sọ ọ́ ní 1962 àti 2012, Kòríà ní kò sẹ́jọ́ níbẹ̀ rárá, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ti wà lára nǹkan kò nídìí tó fi máa gbé e lọ síwájú adájọ́. Kóòtù yẹn ò sì lè fa orílẹ̀-èdè tí kò bá gbà wá ní túláàsì.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Jàpáànì tó ń pariwo kóòtù yìí, tó bá kan erékùṣù Senkaku tí Ṣáínà ń bá a fà á, òun náà ní kò sẹ́jọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ ná. January 1895 ló mú ìyẹn, Ṣáínà ló ń bá jagun nígbà yẹn, ẹ ṣáà rí ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń gbà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ má tàn wá, epo ló wà níbẹ̀ àbí?
B.A., Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ní Senkaku, ìyẹn lè jóòótọ́ díẹ̀, torí kété tí wọ́n sọ lọ́dún 1969 pé epo lè wà lábẹ́ òkun ibẹ̀ ni ariwo Ṣáínà àti Taiwan pọ̀ sí i. Ní Dokdo, wọ́n rí gáàsì tó dì bíi yìnyín nísàlẹ̀ òkun agbègbè yẹn lọ́dún 2007, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó ń fi í pawó. Akàn ló ń mówó wọlé níbẹ̀. Wọ́n ṣe àdéhùn ẹja pípa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999, wọ́n fi ibì kan sílẹ̀ láàárín tí ọkọ̀ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè wọ̀, wọ́n rọra yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àpáta sílẹ̀, àwọn apẹja Shimane sì ń ráhùn pé àwọn Kòríà ti fi àwọ̀n gba gbogbo ojú omi táwọn bá fi máa dé.