Èsì: Bí losartan ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè pé báwo ni losartan ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ nígbà tí kì í ṣe oògùn ọkàn. Ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹran wà lára ògiri náà. Họ́mọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ angiotensin II kò nílò kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹran yìí; ìta ló ti ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní AT1. Bó bá ti kàn án, IP3, ìyẹn èròjà kékeré tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, á jáde, á lọ ṣí àpò tí kálísíọ́mù wà. Kálísíọ́mù yìí gan-an ló ń mú kí ẹran náà súnkì, tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì fún. Losartan ti jókòó sẹ́nu AT1, angiotensin ò ní ráyè; ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ò ní fún mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, aboyún ò gbọdọ̀ lò ó o.