Tíì yín ṣá ni, kò bàjẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní tíì aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ rà lọ́jà Láfẹ́nwá kò ta sánsán mọ́, omi rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ṣì jìnnà. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ṣe yín léṣe. Kò lè ṣe yín ní nǹkan kan, bó bá ṣáà ti gbẹ, tí kò rùn, tí ohunkóhun ò sì hù sí i lára. Ṣíṣá ló ṣá. Ṣùgbọ́n adùn tẹ́ ẹ torí ẹ̀ náwó ti lọ, ìyẹn ló ń dùn mí, torí ó pẹ́ tí mo ti ń ta tíì ní Abẹ́òkúta níbí, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí kó tó dọ́wọ́ oníbàárà.

Ẹ má fi wé tíì dúdú. Wọ́n ti jẹ́ kí atẹ́gùn pa ewé tìyẹn láwọ̀ dà kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ nílẹ̀. Ti aláwọ̀ ewé, bí wọ́n bá ti já a, iná ni wọ́n fi ń dá a dúró: ní Jàpáánì, ooru omi ni wọ́n fi ń sè é, ní Ṣáínà, inú agbada gbígbóná ni wọ́n sábà máa ń yan án sí. Àwọ̀ àti òórùn tí iná dá dúró yẹn ni atẹ́gùn, ìmọ́lẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó tẹ ọjọ́ sára páálí gbà pé ibi tó tutù tó sì gbẹ ló máa wà. Ṣé ṣọ́ọ̀bù onípáànù lóṣù kẹta wá tutù ni?

Èyí tí wọn ò tíì já ọ̀rá rẹ̀ máa ń dùn fún oṣù 6 sí ọdún 1. Tẹ́ ẹ bá ti já a, ẹ mu ún tán láàárín oṣù 2 sí 3. Ti inú àpò pélébé tètè ń ṣá, torí ewé rẹ̀ ti rún. Matcha, ìyẹn tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n lọ̀ di ìyẹ̀fun, ló tètè ń ṣá jù; tẹ́ ẹ bá ti já a, kó má kọjá oṣù 2.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì. Èmi ò fara mọ́ ọn nílùú wa. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, omi á máa sẹ̀ sínú ọ̀rá tẹ́ ẹ ti já. Tíì tún máa ń fa òórùn mọ́ra gan-an. Àní àwọn ará Ṣáínà máa ń kó òdòdó jasmine tì í kó lè gba òórùn rẹ̀. Ẹ wá ro irú àti ẹja inú fíríìjì wa. Agolo tí ìdérí rẹ̀ le, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, jìnnà sí sítóòfù, ló dára jù. Kẹ́ ẹ sì máa ra kékeré.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má dà á nù. Ẹ tú u sínú páànù gbígbẹ, kíná má pọ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó títí á fi pọ́n tí òórùn rẹ̀ á sì gba ilé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tíì yíyan tí wọ́n ń pè ní hojicha ní Jàpáánì nìyẹn. Ẹ fi omi gbígbóná sí i, ẹ mu ún lọ́jọ́ náà.