Ọ̀rá Píọ́ Wọ́tà Níwájú Mọ́ṣáláṣí: Ṣé Kò Sí Ẹ̀ṣẹ̀ Níbẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùn, Áfáà wa. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun. Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Odò-Ògbè, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn tó fẹ́ ṣe sàráà máa ń pín píọ́ wọ́tà fún àwa tá a wá kírun, Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ kí èrò tó tú ká, ọ̀rá á ti bo iwájú mọ́ṣáláṣí, á ti dí gọ́tà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí, mo ní Ànábì wa sọ pé ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́. Ó ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ Ànábì. Ó ní kíkó ìdọ̀tí kúrò lọ́nà, súnnà lásán ni, ẹni tí kò bá ṣe é kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹlòmíì ní iṣẹ́ káńsù ni, kí n má fi ẹ̀sìn dààmú èèyàn. Látìgbà náà, jámọ́ọ̀ wa ti pín sí méjì. Áfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Ṣé kò ní ba sàráà ẹni tó pín omi jẹ́?

Ìdáhùn: Wa àlékùmù sàlámù, ọmọ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn, torí àwọn kan á kà á dé ìdajì, wọ́n á ní Áfáà fọwọ́ sí i.

Òótọ́ wà lẹ́nu ọmọkùnrin yẹn níbì kan, mi ò sì ní fi dù ú. Gbólóhùn "an-nasáafatu minal ìímáàní", ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́, tí wọ́n ń kọ sára ògiri ilé-kéwú, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà nínú Sahih Muslim láti ẹnu Abu Malik al-Ash'ari ni pé ìmọ́ra jẹ́ ìdajì ìgbàgbọ́, àlùwàlá àti irú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbé e lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààtàn. Nítorí náà, má tún fi èyí àkọ́kọ́ ti Ànábì mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ ọn, inú iná ló wá ibùjókòó sí.

Àmọ́ àrùn tó ń ṣe àwọn ọ̀dọ́ wa nìyí. Wọn ò tíì ka Akhdari, ìwé ìbẹ̀rẹ̀ nínú òfin ìjọsìn, tán níwájú olùkọ́, wọ́n á gbọ́ pé hádíìsì kan kò lágbára, wọ́n á bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà dànù. Bí òpó kan bá jẹrà, ṣé odindi ilé là ń wó? Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró lórí hádíìsì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ṣì í gan-an ni ibi tí wọ́n rò pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Hádíìsì ẹ̀ka ìgbàgbọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ìgbàgbọ́ ní ẹ̀ka tó lé ní àádọ́rin, èyí tó ga jù ni láà ìláhà ìlálláhù, èyí tó kéré jù ni mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n bá gbá "èyí tó kéré jù" mú, wọ́n ní ṣebí súnnà ni. Mo wá bi wọ́n: ìnira tí à ń mú kúrò yẹn, ta ló gbé e síbẹ̀? Ẹni tó kó ìdọ̀tí ẹlòmíì ló wà lórí ẹ̀ka tó kéré jù. Ẹni tó da ìdọ̀tí náà sílẹ̀ ńkọ́, ẹ̀ka wo ló dì mú? Ẹni tí kò gbé oúnjẹ fún aládùúgbò rẹ̀ kọ́ lẹni tó jí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ gbé. Ẹni àkọ́kọ́ fi ohun rere sílẹ̀ láìṣe, ẹnì kejì ṣe ibi. Kíkó yàtọ̀ sí dídà.

Nínú hádíìsì Abu Sa'id al-Khudri tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, Ànábì kìlọ̀ fún àwọn sàhábé kí wọ́n má máa jókòó sójú ọ̀nà. Wọ́n ní kò sí ibòmíì táwọn ti ń pàdé sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá ti di dandan, kí wọ́n fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì ka kíkó ìnira ró mọ́ ẹ̀tọ́ náà. Ẹ̀tọ́ ló pè é! Abu Dharr náà sọ pé Ànábì ní wọ́n fi iṣẹ́ ìjọ òun hàn òun, rere àti búburú: ìnira tí wọ́n mú kúrò lójú ọ̀nà wà lára rere, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọn ò bò nínú mọ́ṣáláṣí wà lára búburú. Ohun tó tó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lásán ni o. Hádíìsì tó sọ pé kí á ṣọ́ra fún ohun méjì tó ń fa èébú, ẹni tó ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sójú ọ̀nà tàbí síbi ìbòòji àwọn èèyàn ló ń bá wí. Mi ò sọ pé ọ̀rá àti ìgbẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àmọ́ àwọn tó ń yàgbẹ́ sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń jù ú sí gọ́tà lóru, wọ́n mọ ara wọn, àwọn gan-an ni hádíìsì náà ń bá wí.

Mádíhábù Málíkí, ọ̀nà òfin ẹ̀sìn ti Ìmáàmù Málíkì, ni àwọn baba wa fi tọ́ wa, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Khalil ibn Ishaq ará Íjíbítì, ó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, nígbà tó ń to ohun tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn èèyàn lẹ́sẹẹsẹ nínú Mukhtasar, ìwé òfin rẹ̀, ó ka gbígbẹ́ kànga, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú "wad'u muzliq", gbígbé ohun tó ń yọ̀ sílẹ̀. Bó bá fi dẹ ẹnì kan pàtó, tí ẹni náà sì kú, ọ̀rọ̀ ẹ̀san ẹ̀mí dé. Bí ìnira náà bá bá ẹlòmíì, owó ẹ̀jẹ̀ ni. Èèpo bàrà ni àwọn tó ṣàlàyé ìwé náà fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ìyá àgbà kan láàárín wa tẹ ọ̀rá lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ tí òjò wínníwínní ń rọ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Kò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Jímọ̀ mọ́. Ohun tí èrò ń wí ni "àmúwá Ọlọ́hun ni". Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí Ọlọ́hun kò kọ. Àmọ́ ṣé olè tó fọ́lé yín, ẹ ò ní mú un nítorí kádàrá? Ó dùn mí di òní pé a ò mọ ẹni tó ju ọ̀rá yẹn sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ṣe àmín lẹ́yìn lèmọ́mù jù lọ.

Ẹni tó ní iṣẹ́ káńsù ni, ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Kí káńsù ṣe tirẹ̀, wọ́n á jíhìn. Kò sẹ́ni tó ní torí pé ọlọ́pàá wà, kí á máa jalè. Àwa tá a ti dàgbà rántí ìgbà WAI, ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníjàánu, tí ìjọba Buhari àti Idiagbon gbé dé ní 1984, tí wọ́n wá fi ìmọ́tótó àyíká kún un. A gbálẹ̀ nígbà náà, ojú gọ́tà mọ́. Sójà là ń bẹ̀rù.

Sàráà omi kò bàjẹ́, ọkàn rẹ balẹ̀. Āyà 264 nínú Súratul Bakara ní kí á má fi ìrègún àti ìnira ba sàráà wa jẹ́. Ìnira tibẹ̀, dídun ẹni tí a fún ni. N kò ní fi agídí mú un wọnú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé báàgì píọ́ wọ́tà mẹ́wàá wá, kí ló dé tí kò lè mú àpò gààrí òfìfo méjì dání? Kó so ọ̀kan sí géètì ọkùnrin, ọ̀kan sí ti obìnrin. Àwọn tó ń ra ọ̀rá àti ike wà nígboro, kó fún wọn. Kó má dáná sun ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, èéfín rẹ̀ náà ìnira ni. Ìwé ìpolówó wòlímọ̀ tí wọ́n kọ bísímílà sí, ká má rí i nínú gọ́tà mọ́ láé. Ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó mọ́.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, má bá a jà mọ́. Kà á fún un pé òun ló jàre lórí hádíìsì àkọ́kọ́, kí ara rẹ̀ lè rọ̀, kí o wá ka ti Abu Sa'id sí i létí. Bó bá tún ju ọ̀rá sílẹ̀, ṣa ọ̀rá náà nílẹ̀ lójú rẹ̀, kí o kí i ní sàlámù. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.